Mercedes tí omi òkun wọ̀ ní Florida: ṣé kí n rà á kí n tún un ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní Tampa rí Mercedes-Benz GLE 350 ti ọdún 2017 kan ní ibi gbàǹjo. Wọ́n kọ Water/Flood sí i, wọ́n ní ìjì Helene ló bá a. Máìlì rẹ̀ ò tíì pé 60,000, kò gbá ibì kankan, inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní nínú fọ́tò. Owó tí wọ́n dá lé e ò tíì tó 5,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ tí omi ò kàn ju ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn lọ níbẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ká máa gbé e bọ̀, pé omi lásán ni, oòrùn á gbẹ ẹ́. Ṣé kí n rà á?"

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ìyẹn kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, torí gbàǹjo kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ tí omi wọ̀ ò ṣe é jí dìde. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe, ọkọ̀ Jámánì ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ tí omi ti bò rí tó ṣì ń rìn dòní ò wọ́n lójú mi. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí mo lè ní kẹ́ ẹ yáwó rà. Èyí tí ẹ bi mí léèrè yìí kò sí lára wọn. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń bèèrè nípa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: irú omi wo ló wọ̀ ọ́, ibo ló mu ún dé, ọjọ́ mélòó ló lò nínú rẹ̀. Lórí ọkọ̀ tiyín, a ò tíì kúrò lórí ti àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ fi tán.

Helene gúnlẹ̀ sí Florida lóru ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Big Bend ló ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà sí Tampa díẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń kọjá lọ lójú òkun ló ń ti omi òkun wọ ìlú. St. Petersburg, Clearwater, gbogbo etí omi Tampa Bay ló mu ún. Kì í ṣe òjò ló rì wọ́n, òkun fúnra rẹ̀ ló gòkè wá sí ojúlé. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, ìjì mìíràn, Milton, tún dé sí etíkun yẹn kan náà tòun ti òjò ńlá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí Helene bà jẹ́ ṣì wà nílẹ̀ níbi tí omi fi wọ́n sí. Ẹ fi ìyẹn wé ìjì Harvey tó ba Houston jẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 2017. Òjò ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀: ní ìlú Nederland ní Texas, ohun tó rọ̀ ju 60 ínṣì lọ. Tàbí ẹ fi wé òjò tó kù lára ìjì Ida, tó rọ̀ sórí New Jersey àti New York lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Omi ìdọ̀tí ni omi bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbé ẹrẹ̀ àti ẹ̀gbin wọ inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi iyọ̀. Ọkọ̀ tó rì sínú rẹ̀ ṣì ṣeé bá jà.

Mi ò bá mẹkáníìkì yín wí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú omi odò ló ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ẹ̀yin náà rántí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn. Omi tútù lèyí, láti inú odò àti láti ojú ọ̀run, ọkọ̀ tó sì pọ̀ jù ní ìgboro nígbà yẹn kò ní ju brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) kan sí méjì lọ. Ẹni tó bá tú kápẹ́ẹ̀tì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sá sóòrùn, tó pààrọ̀ ọ́ìlì, tó nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè rí i kó sitáàtì. Ìmọ̀ yẹn ò ṣiṣẹ́ lórí GLE tó ti mu omi òkun.

Omi iyọ̀ ń gbé iná kiri ju omi òjò lọ fíìfíì. Bó bá wọ ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì wà lórí, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná kì í kúrò nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ láti wákàtí yẹn lọ, píìnì tí iná pọ́sítíìfù wà lórí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ́ dànù. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ báyìí rí. Píìnì kan ń dán gbinrin bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀tù aláwọ̀ ewé. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fò lọ, ihò lásán ló kù lára rọ́bà. Mo wá gé wáyà tó wọ ibẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan, inú rẹ̀ dúdú. Mo gé e sókè sí i, ó ṣì dúdú, torí omi iyọ̀ máa ń fà gun inú rọ́bà wáyà bí epo ṣe ń fà gun òwú àtùpà. Ẹni tó kàn wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn láti òkè, tó fún un ní oògùn ìnùpáàtì, á ní òun ti tún un ṣe.

Oòrùn á gbẹ omi lóòótọ́, iyọ̀ ò ní bá a lọ. Á jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, sínú fíúsì bọ́ọ̀sì, sínú fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á sì máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe dáadáa lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ lè gbà á lóṣù Kejìlá, kẹ́ ẹ wà á relé lọ ṣọdún, kó má dójú tì yín rárá. Ẹ jẹ́ kí òjò oṣù Kẹfà dé. Gíláàsì á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù á ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà tó wà ní títì, bátìrì á máa kú mọ́jú. Bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, sìkáànù á to àṣìṣe jọ lóríṣiríṣi, torí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yẹn jọ ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn wáyà tí wọ́n jọ ń lò ni. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá ń ṣe ségesège, á da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn tó kù lẹ́nu. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń fi owó oníbàárà pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe to inú GLE yẹn. Bátìrì ńlá rẹ̀ ò sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìjókòó èrò iwájú ni Mercedes gbé e sí. Omi tí kò tíì kan tìmùtìmù ìjókòó, tí ẹni tó ń wo fọ́tò á ní kò ga, ti bo bátìrì mọ́lẹ̀ ná. Ìdì wáyà ńlá gba ilẹ̀ lọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà airbag wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ ibi tí a ń gbọ́wọ́ lé. Ìjókòó tó ń fi iná lọ síwájú sẹ́yìn ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fíúsì bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù. Kọ̀ǹpútà gíà, inú gíà gan-an ni wọ́n sin ín sí, ó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Gbogbo ohun tó mú kí ọkọ̀ yẹn jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá, ìsàlẹ̀ ló pọ̀ sí, níbi tí omi kọ́kọ́ ń dé.

Ẹ lè ní Ládìípọ̀ ń bẹ, a ó rí pátì. A ó rí i. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ ń bá sọ̀rọ̀, brain box ẹ́ńjìnnì àti kọ̀ǹpútà gíà ti mọ ara wọn láti ilé iṣẹ́ wá. Wọ́n so wọ́n mọ́ VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, kí olè má baà rí i wà lọ. Brain box tí wọ́n yọ lára GLE mìíràn, bó ti wù kó dára tó, kò ní jẹ́ kí tiyín sitáàtì àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kọ́ ọ lédè ọkọ̀ yín. Àwọn tó lè ṣe é wà ní Èkó. Wọn ò pọ̀, iṣẹ́ wọn ò sì rọ̀ lówó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ọkọ̀ omi iyọ̀ fi lè padà di odindi ni kẹ́ ẹ ra GLE mìíràn tó gbá, kẹ́ ẹ yọ gbogbo wáyà rẹ̀ àti gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wọn, kẹ́ ẹ gbé wọn wọ inú tiyín. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, ó sì máa ń jẹ́ bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù. Àmọ́ bí ẹ bá ti rí GLE tó gbá, tí wáyà rẹ̀ gbẹ, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé, kí ló dé tí ẹ ò ní tún òun fúnra rẹ̀ ṣe? Ibi tí gbogbo ìṣirò mi máa ń bọ́ sí nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n gbá nídìí, tí airbag rẹ̀ ò tú, tí omi ò kàn rí, páńẹ́ẹ̀lì bítà lè parí tiẹ̀, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí i pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ́ńjìnnì kì í dẹ́rù bà mí tó wáyà. Omi ò ṣe é tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bó bá wà lórí písítìnì nígbà tí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kọ́ńrọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì yí i, a ó tú pílọ́ọ̀gì, a ó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kí omi lè jáde, a ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun ní àfọ̀túnfọ̀. Gíà ló le jù ú lọ. Omi tó bá wọ inú ọ́ìlì gíà máa ń yọ àtè tó mú awọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin, awọ náà á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ń fọ̀nnu pé ọkọ̀ ti dára.

Ti airbag ni mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí ẹ̀mí ni. Airbag àti bẹ́líìtì tó ń fa èèyàn sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá gbá, ìbúgbàù kékeré ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Èyí tí omi bá ti bò nínú wọn, pípààrọ̀ ló tọ́ sí, kì í ṣe fífọ̀. Ó lè má tú lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Ó sì lè tú nígbà tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́ nínú go-slow. Àwọn kan máa ń so rìsísítọ̀ mọ́ wáyà airbag kí iná pupa orí dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú, kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ má baà mọ̀. Mo ti bá a nínú ọkọ̀ tí ìyá kan fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Bí ríwáyà yín bá dá a lábàá fún yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ ní inú rẹ̀ mọ́ nínú fọ́tò. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé omi náà kò lẹ́rẹ̀ẹ́ nínú, omi òkun kì í ní ẹrẹ̀ bí omi odò. Ojú ìjókòó kọ́ ni mo máa ń wò. Bí àbúrò yín bá lè dé ọgbà tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n máa ń gbà kí oníbàárà wo ọkọ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí yóò fi tán. Kò sẹ́ni tó ń rántí fọ bẹ́líìtì débi tó ká sí nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlà omi máa ń hàn sí, pẹ̀lú iyanrìn tàbí funfun iyọ̀. Kó tẹ ìka bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó tẹ fóòmù mọ́lẹ̀, kó wò ó bóyá omi á sun jáde, kó sì gbóòórùn ìka náà. Kó wo orí bóòtù tó di ìjókòó mọ́ ilẹ̀, irin tí wọn ò kùn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò tí táyà ìpààrọ̀ ń wà ní búùtù. Kó wo inú iná iwájú bóyá omi ti fi àmì ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń ta sánsán òórùn dídùn ju bó ṣe yẹ lọ, kó tètè bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní kí wọ́n bá òun sitáàtì rẹ̀ o. Àmì Run and Drive tí wọ́n ń kọ sí ọkọ̀ ní gbàǹjo, ohun tó ń sọ ò ju pé ó rìn lọ́jọ́ tó wọ ọgbà. Ti máìlì tó kéré, ẹ gbàgbé rẹ̀. Omi ò mọ máìlì.

Ìwé ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Wọ́n lè kọ Salvage (ọkọ̀ tó bàjẹ́ gan-an) tàbí Flood (omi ló bá a) sí i, èyí tí wọ́n ti tún ṣe lọ́hùn-ún á máa jẹ́ Rebuilt (àtúnṣe). Bó bá jẹ́ Certificate of Destruction ló wà lórí rẹ̀, ìjọba Florida ti sọ pé ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ padà sójú pópó mọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ nìkan ló kù fún títà. Kí àbúrò yín fi nọ́ńbà VIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá a lórí VINCheck ti NICB, àjọ àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti jìbìtì, ọ̀fẹ́ ni. Kó tún san owó díẹ̀ fún àbájáde NMVTIS, ìwé àkọsílẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ torí àwọn tó ń gbé ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kí orúkọ omi lè pa rẹ́ lára ìwé rẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì wo ibi tí ọkọ̀ wà lónìí nìkan. Ilé iṣẹ́ adójútòfò lè ti wọ́ ọ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tó wà ní Georgia lónìí lè jẹ́ èyí tó mu omi òkun ní Florida. Ìpínlẹ̀ tó fún un níwèé àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé ọjọ́ ìjì.

Ní ti owó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. 5,000 dọ́là yẹn, owó gbàǹjo lásán ni. Ilé gbàǹjo á gba tiwọn lórí rẹ̀, ẹni tó máa wọ́ ọ á gba tirẹ̀ dé èbúté Jacksonville tàbí ibi tí wọ́n ti máa dì í, ọkọ̀ tí kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi sì máa ń ná èèyàn ju èyí tó ń rìn lọ. Ní tiwa níhìn-ín, láti ọdún 2022 ni Kọ́sítọ̀ọ̀mù ti ń fi nọ́ńbà VIN díye lé ọkọ̀. VIN mọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. Kò mọ̀ pé omi wọ̀ ọ́. Owó ibodè ọkọ̀ tó dá ṣáṣá ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìṣirò yín. Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gba Kùtọnu kẹ́ ẹ wà á wọlé: láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de ọkọ̀ tó ń gba orí ilẹ̀ wọlé, ẹ má dán an wò. Ìlànà tèmi rèé: tí gbogbo owó tí ọkọ̀ máa ná yín kó tó dé iwájú ilé yín bá ti ju ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó jẹ́ tòkúnbọ̀ gidi ní Bẹ́gà lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ìdajì tó kù ni àtúnṣe máa jẹ, kì í sì í fi gbogbo ìgbà tó o jẹ. Pẹ̀lú owó ibodè yẹn, mi ò rí bí GLE yín ṣe máa wà lábẹ́ ìlà.

Ó wá ku èyí tí mo lè ní kẹ́ ẹ rà. Ọkọ̀ tí òjò rì, tí omi ò dé tìmùtìmù ìjókòó, tí wọ́n tètè yọ bátìrì rẹ̀, tí wọ́n sì tú kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìpẹ́. Bó bá jẹ́ Lexus RX 350 ni, ọkàn mi á balẹ̀ jù: bátìrì rẹ̀ wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, sípíríǹgì lásán ló gbé e dúró, kò sí ìlú kan níhìn-ín tí mẹkáníìkì rẹ̀ ò sí. Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ RX 450h o. Bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ yẹn rìn wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, iná inú rẹ̀ tó pa èèyàn. Ọkọ̀ oníná gbáà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti mu omi iyọ̀. Lẹ́yìn ìjì Ian lọ́dún 2022, àwọn panápaná Florida bá iná jà lára ọkọ̀ oníná tí omi òkun ti bò, àwọn kan sì gbiná lẹ́yìn tí omi ti lọ tán.

GLE omi òkun yẹn náà ní ẹni tó wúlò fún: ẹni tó ti ní GLE irú rẹ̀ tó dára, tó ń wá ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì àti ríìmù. Kó rà á ní iye ẹ̀yà ara rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, ìdáhùn mi á yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí, tí omi lè wọ ọkọ̀ yín ní Lẹ́kí, ní Àjáh tàbí níbikíbi lásìkò òjò. Ẹ má sitáàtì rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń jẹ́. Ẹ yọ orí bátìrì nẹ́gátíìfù bí ó bá ti ṣeé dé láìséwu. Bó bá jẹ́ hybrid tàbí oníná, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ omi ọ̀sà tàbí ti òkun, ẹ fi omi tútù fọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ yọ ìjókòó, ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì tòun ti fóòmù rẹ̀ pátápátá, ẹ má sá a sínú ọkọ̀. Fóòmù yẹn nípọn, ó lè mu omi sínú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wọ́ ọ lọ sí ibi iṣẹ́.

Bí ẹ bá sì wá tún ọkọ̀ omi ṣe, tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á pé omi ti wọ̀ ọ́ rí, kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ pààrọ̀ hàn án. Ìwé wa níhìn-ín kì í kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà, ẹnu yín nìkan ló lè sọ ọ́. Iye rẹ̀ á dínkù, ó yẹ kó dínkù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí àbúrò yín yí ohun tó ń wá padà. Kó máa wo GLE tàbí RX tí wọ́n gbá nídìí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí airbag rẹ̀ ò tú, tí ìwé rẹ̀ ò sì dárúkọ omi. Bó bá rí ọ̀kan, kó fi VIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó dá owó lé e, pẹ̀lú fọ́tò bẹ́líìtì tó fà jáde tán, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ihò táyà ìpààrọ̀ àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Màá wò ó fún yín láìgba owó.